Fífi àwọ̀ sàmì sí sẹ́ẹ̀lì tí a yàn nínú Excel láì ba àwọ̀ ìwé jẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

A kó àwọn ìbéèrè wọ̀nyí jọ nítorí pé àwọn tó ń fi Excel ṣe ìwé ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, olùkọ́ tó ń kọ máàkì, tàbí oníṣòwò adìrẹ tó ń ka ọjà tó kù nílẹ̀, ń béèrè wọn léraléra. Bí orúkọ bọ́tìnì ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà ni a ṣe kọ ọ́ síbí, kí ẹ lè rí i bí ẹ bá ń wá a.

Kí ni à ń pè ní fífi àwọ̀ sàmì sí sẹ́ẹ̀lì tí a yàn?

Bí ẹ bá tẹ sẹ́ẹ̀lì kan nínú Excel, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò yí i ká, òun nìkan sì ni àmì tí ẹ ní pé ibẹ̀ ni ẹ wà. Lórí ìwé kékeré, ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá ní ogún òpó àti irínwó ìlà, tí ẹ sì gbójú kúrò láti ka rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ tó bojú wẹ̀yìn ojú ti ṣìnà, owó Àlàbí sì ti bọ́ sórí Àlàkẹ́.

Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí sẹ́ẹ̀lì tí a wà lórí rẹ̀ gba àwọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ní kété tí a bá kúrò níbẹ̀. Apá kejì gbólóhùn yìí ló le, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ mákírò, ìyẹn kóòdù kékeré tí à ń kọ sínú Excel kí ó lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kì í kà sí.

Ṣé dandan ni kí n kọ mákírò?

Kì í ṣe dandan fún gbogbo ènìyàn. Excel ti Microsoft 365 ti ní Focus Cell lábẹ́ View láti ọdún 2024. Ó ń fi àwọ̀ sí ìlà àti òpó tí sẹ́ẹ̀lì yín wà, kò sì kọ ohunkóhun sínú fáìlì. LibreOffice Calc náà ní irú rẹ̀ láti ẹ̀yà 24.2. Bí ẹ bá ní ọ̀kan nínú méjèèjì, tí ìyẹn sì tó yín, ẹ lò ó.

Ẹni tí Excel 2010, 2013 tàbí 2016 bá wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní rí Focus Cell níbẹ̀, mákírò ni tirẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó bá fẹ́ kí àmì náà mọ sínú àtẹ kan ṣoṣo, tàbí tó fẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà nìkan láìsí ìlà àti òpó rẹ̀.

Níbo gan-an ni mo máa kọ kóòdù náà sí?

Ẹ tẹ Alt+F11. Ní apá òsì fèrèsé tó bá ṣí, ẹ ó rí orúkọ àwọn ṣíìtì yín. Ẹ tẹ orúkọ ṣíìtì tí ẹ fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú ewé funfun kan yóò ṣí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ kóòdù sí. Bí ẹ bá lọ sí Insert, tí ẹ yan Module, tí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ láéláé, Excel kò sì ní sọ fún yín pé ohun kan ṣẹ̀, nítorí pé inú ojú ewé ṣíìtì fúnra rẹ̀ nìkan ni Excel ti ń wá Worksheet_SelectionChange, ìyẹn kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá yan sẹ́ẹ̀lì mìíràn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́, ẹ yan Excel Macro-Enabled Workbook, kí ìdí orúkọ fáìlì náà jẹ́ .xlsm. Fáìlì .xlsx kì í gba mákírò. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ pamọ́, kóòdù náà yóò lọ.

Mákírò tí wọ́n fún mi pa gbogbo àwọ̀ ìwé mi rẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ìlà méjì tó jọ ìwọ̀nyí:

```
Cells.Interior.ColorIndex = xlNone
Target.Interior.ColorIndex = 6
```

Ìlà kejì ló ń fi yẹ́lò sí sẹ́ẹ̀lì tí ẹ yàn. Ìlà kìíní ló ṣe jàǹbá. Ó sọ pé kí gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ṣíìtì náà bọ́ àwọ̀ wọn sílẹ̀, kí yẹ́lò ti ìṣáájú lè lọ. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé kò sí àwọ̀ mìíràn nínú ìwé àfi yẹ́lò tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá wa: pupa ni ẹni tó jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta, àwọ̀ ewé ni ẹni tó ti san tán, búlúù ni ẹni tó ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sí ju inú àwọ̀ lọ. Títẹ̀ tó tẹ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lẹ́yìn tó fi mákírò sí i, ìwé náà funfun báláú, Ctrl+Z kò sì dá a padà, nítorí pé mákírò tó bá yí nǹkan padà nínú ṣíìtì a máa nu ohun tí Ctrl+Z fi ń rántí.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe tẹ Save. Ẹ ti fáìlì náà, ẹ yan Don't Save, kí ẹ tún un ṣí. Bí ó bá jẹ́ pé orí OneDrive ni fáìlì wà tí AutoSave sì wà ní títàn, Version History ni kí ẹ sáré lọ, kí ẹ gbé ẹ̀yà tó ṣáájú wá. Ẹ dákun, kí ẹ tó fi mákírò èyíkéyìí sí ìwé tí owó wà nínú rẹ̀, ẹ da ìwé náà kọ ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì ṣe ìdánwò lórí ẹ̀dà.

Ṣé mákírò kò lè rántí àwọ̀ àtijọ́, kí ó sì dá a padà?

Ó lè ṣe é. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí:

```
Private Sub Worksheet_SelectionChange(ByVal Target As Range)
    Static TiTele As Range
    Static Awo As Long
    If Not TiTele Is Nothing Then TiTele.Interior.Color = Awo
    Awo = ActiveCell.Interior.Color
    Set TiTele = ActiveCell
    ActiveCell.Interior.Color = vbYellow
End Sub
```

Ó dára lójú ní wákàtí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó ṣàkíyèsí pé àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín sẹ́ẹ̀lì sí méjì-méjì ń parẹ́ ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti kọjá. Ìdí ni pé sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àwọ̀ rárá, bí ẹ bá bi í léèrè àwọ̀ rẹ̀, 16777215 ni yóò dáhùn, ìyẹn funfun. Mákírò náà a wá kun ún ní funfun, ọ̀dà funfun a sì bo ìlà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀nà yìí ní láti kọ́kọ́ wò ó bóyá ColorIndex sẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ xlNone, kí ó sì dá xlNone padà dípò funfun.

Àléébù tó burú jù ni ti ìrántí. Inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni Static, ìyẹn ohun tí mákírò fi ń rántí, ń gbé. Bí ẹ bá Save nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan wà ní yẹ́lò, yẹ́lò ni fáìlì yóò gbà sílẹ̀. Bí iná bá wá lọ, tí kọ̀ǹpútà kú, tí ẹ sì tún fáìlì ṣí nígbà tí iná dé, mákírò kò ní mọ̀ mọ́ pé sẹ́ẹ̀lì yẹn ti jẹ́ pupa rí. A kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn iná fún ará Òṣogbo. Láàárín oṣù kan, ìwé yín yóò kún fún yẹ́lò tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé, lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ni pupa tàbí àwọ̀ ewé kan ti sọnù. Ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀ bí àṣìṣe bá dá kóòdù dúró tí ẹ sì tẹ End. Àní píparẹ́ ìlà tí TiTele, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ìṣáájú, wà lórí rẹ̀ tó láti mú kóòdù kọsẹ̀.

A kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lo ọ̀nà yìí lórí ìwé tí àwọ̀ bá ti ní ìtumọ̀.

Ọ̀nà wo wá ni kò fọwọ́ kan àwọ̀ ìsàlẹ̀ rárá?

Ẹ wo adìrẹ. Aṣọ tó bá ti wọ ìkòkò aró, bí ẹ bá tún rì í, kì í ṣe aṣọ àná mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da ìborùn lé e, tí ẹ sì ká ìborùn kúrò, aró rẹ̀ wà bó ṣe wà. Mákírò méjèèjì tó wà lókè yìí ń rì aṣọ ni. Conditional Formatting, ìyẹn òfin tó ń sọ fún Excel ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì yóò gba àwọ̀, ni ìborùn: orí sẹ́ẹ̀lì ló ń tẹ́ àwọ̀ rẹ̀ sí, kò sì yí àwọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ní padà.

Ẹ yan gbogbo àtẹ yín, ká ní láti A2 dé H400. Ẹ lọ sí Home, Conditional Formatting, New Rule, kí ẹ sì yan Use a formula to determine which cells to format. Ẹ kọ fọ́múlà yìí:

```
=AND(ROW()=CELL("row"),COLUMN()=CELL("col"))
```

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Format, ẹ yan àwọ̀ tó wù yín, ẹ tẹ OK. Fọ́múlà náà ń bi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan pé: ṣé ìlà rẹ àti òpó rẹ ni ẹni tó ń lo ìwé yìí wà báyìí? Ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ku kí a máa jí i. Excel kì í tún fọ́múlà yìí ṣírò nítorí pé ẹ kàn ṣí láti sẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ kọ èyí sínú ojú ewé ṣíìtì náà:

```
Private Sub Worksheet_SelectionChange(ByVal Target As Range)
    If Application.CutCopyMode <> False Then Exit Sub
    Target.Calculate
End Sub
```

Kò sí Interior nínú rẹ̀, kò sí Color. Mákírò náà kò kun nǹkan kan, ó kàn ń sọ fún Excel pé kí ó tún ìṣírò ṣe ni. Bí iná bá lọ, bí kóòdù bá kọsẹ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ pa mákírò rẹ́ pátápátá, kò sí àwọ̀ kan tó sọnù.

Mo ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ náà dúró sójú kan.

Ẹ lọ sí sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú àtẹ, kí ẹ tẹ F9. Bí àwọ̀ bá tẹ̀ lé yín, a jẹ́ pé òfin Conditional Formatting yín dára, mákírò ni kò dáhùn: ẹ wò ó bóyá inú Module ni ẹ kọ ọ́ sí, tàbí bóyá Excel ti dí mákírò. Bí F9 kò bá gbé e, inú fọ́múlà ni kí ẹ wò. Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni pé àmì " tó wà níwájú àti lẹ́yìn row ti di èyí tó tẹ̀ (“ ”) nítorí pé wọ́n da fọ́múlà náà kọ láti inú WhatsApp tàbí Word. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àmì náà.

Mo fẹ́ kí gbogbo ìlà orúkọ náà gba àwọ̀, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì nìkan.

Ẹ fi `=ROW()=CELL("row")` rọ́pò fọ́múlà náà. Bí ẹ bá fẹ́ ìlà àti òpó tó pàdé bí àgbélébùú, ẹ fi OR sípò AND. Ẹ má ṣe tẹ́ òfin náà sórí gbogbo ṣíìtì. Ṣíìtì kan ní ìlà 1,048,576 àti òpó 16,384 láti Excel 2007 wá, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára yóò sì máa fà. Ẹ jẹ́ kó mọ níbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Sẹ́ẹ̀lì kan wà tí kì í gba àwọ̀ àmì náà bí mo bá dé orí rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí òfin mìíràn ti wà lórí rẹ̀, bí irú èyí tó ń sọ gbèsè di pupa. Bí òfin méjì bá fẹ́ kun sẹ́ẹ̀lì kan, èyí tó wà lókè ló ń borí. Ẹ lọ sí Conditional Formatting, Manage Rules, ẹ fi ọfà gbé òfin àmì yín lọ sókè pátápátá. Ẹ rí i pé Stop If True kò ní àmì níwájú rẹ̀.

Lóòótọ́, yẹ́lò yóò bo pupa mọ́lẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà lórí sẹ́ẹ̀lì náà. Bí ẹ bá fẹ́ máa rí pupa náà nìṣó, ẹ má yan Fill, Border àti Bold ni kí ẹ yàn. Lójú tiwa, èyí ló dára jù fún ìwé gbèsè, nítorí pé ìgbà tí ènìyàn ń kọ owó gan-an ló yẹ kí ó rí i pé ẹni yìí ti jẹ gbèsè. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni Conditional Formatting gbà fún Border, kò sì lè yí ìwọ̀n lẹ́tà padà.

Ṣé Copy àti Ctrl+Z yóò ṣì máa ṣiṣẹ́?

Nítorí Copy ni a ṣe kọ ìlà CutCopyMode. Bí ẹ bá ti tẹ Ctrl+C, tí ìlà tó ń rìn bí èèrà ti yí sẹ́ẹ̀lì ká, mákírò yóò dákẹ́ títí ẹ ó fi Paste tán tàbí tẹ Esc. Àwọ̀ àmì lè má tẹ̀ lé yín ní àkókò náà, kì í ṣe àìsàn.

Ní ti Ctrl+Z, mákírò tó ń kun sẹ́ẹ̀lì a máa nù ún ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣípò, ìyẹn sì tó láti kọ irú mákírò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Tiwa kò kọ nǹkan sára sẹ́ẹ̀lì. Ẹ dán an wò lórí Excel yín: ẹ tẹ nọ́ńbà kan, ẹ ṣí lọ sí ibi mẹ́ta, ẹ tẹ Ctrl+Z.

Nígbà tí a tẹ ìwé náà sórí pépà, yẹ́lò bá a jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí Conditional Formatting bá fi hàn lójú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò tẹ̀. Ọ̀nà kúkúrú ni kí ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì kan tó wà lẹ́yìn àtẹ kí ẹ tó tẹ Print.

Ẹni tó bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó lọ sí Formulas, Name Manager, New, kí ó dá orúkọ AmiSeeli sílẹ̀, kí ó sì kọ `=1` sí Refers to. Kí ó fi kún fọ́múlà òfin náà báyìí: `=AND(AmiSeeli=1,ROW()=CELL("row"),COLUMN()=CELL("col"))`. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ èyí sínú ThisWorkbook, tó wà pẹ̀lú orúkọ àwọn ṣíìtì nínú fèrèsé Alt+F11:

```
Private Sub Workbook_BeforePrint(Cancel As Boolean)
    Me.Names("AmiSeeli").RefersTo = "=0"
End Sub
```

Excel kò ní ohun tó ń jẹ́ AfterPrint, nítorí náà inú mákírò ṣíìtì ni a ó ti dá a padà. Ẹ fi èyí ṣáájú Target.Calculate:

```
With ThisWorkbook.Names("AmiSeeli")
    If .RefersTo = "=0" Then .RefersTo = "=1"
End With
```

Wọ́n fi password dí ṣíìtì wa. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́?

Ó lè ṣiṣẹ́, bí ẹ bá ti fi òfin náà síbẹ̀ kí wọ́n tó tẹ Protect Sheet. Mákírò tó ń kun sẹ́ẹ̀lì ni yóò kọsẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe 1004.

Mo fẹ́ ẹ lórí gbogbo ṣíìtì inú fáìlì náà.

Ẹ má da kóòdù kan náà kọ sórí ṣíìtì méjìlá. Inú ThisWorkbook ni kí ẹ kọ ọ́ sí lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú orúkọ yìí: `Private Sub Workbook_SheetSelectionChange(ByVal Sh As Object, ByVal Target As Range)`. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yí padà. Òfin Conditional Formatting nìkan ni ẹ ní láti tẹ́ sórí ṣíìtì kọ̀ọ̀kan.

Ó ṣiṣẹ́ lánàá. Lónìí, kò dáhùn rárá.

Bí mákírò mìíràn inú fáìlì yín bá kọ `Application.EnableEvents = False` tí ó sì kọsẹ̀ kí ó tó dá a padà sí True, Excel kò ní pe SelectionChange kankan mọ́ títí ẹ ó fi ti Excel. Ẹ tẹ Alt+F11, lẹ́yìn náà Ctrl+G, ẹ kọ `Application.EnableEvents = True`, kí ẹ tẹ Enter.

Bí ó bá jẹ́ pé orí ìmeèlì tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ni fáìlì náà ti wá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láti ọdún 2022 ni Microsoft ti ń dí mákírò inú irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ẹ ti fáìlì náà, ẹ fi ọ̀tún máósì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Properties, ẹ fi àmì sí Unblock, ẹ tẹ OK. Ẹ má ṣe é àfi bí ẹ bá mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, nítorí pé mákírò lè pa fáìlì rẹ́ bó ṣe lè fi àwọ̀ sí i.

Bí mo bá yan gbogbo ṣíìtì, ó ń kọ Overflow.

Ìlà kan wà nínú kóòdù yín tó ń lo `Target.Count`. Sẹ́ẹ̀lì inú ṣíìtì kan jẹ́ 17,179,869,184, Count kò sì lè kà kọjá 2,147,483,647. Ẹ kọ `Target.CountLarge` dípò rẹ̀.

Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù tàbí Google Sheets?

Excel orí fóònù àti Excel inú íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe mákírò VBA, ìyẹn èdè tí a fi kọ gbogbo kóòdù òkè yìí. Google Sheets náà kò mọ VBA. Ó ní onSelectionChange tirẹ̀ nínú Apps Script, ẹ sì ní láti tún ojú ewé náà ṣí lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo wo Manage Rules lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òfin kan ṣoṣo ti di ogún.

Copy àti Paste ló fà á. Bí ẹ bá da sẹ́ẹ̀lì kọ láti ibì kan sí ibòmíràn, òfin rẹ̀ a bá a lọ, Excel a sì máa gé ibi tí òfin náà dé sí wẹ́wẹ́. Ẹ pa gbogbo ẹ̀dà rẹ́, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀, kí ẹ tún `=$A$2:$H$400` kọ sí Applies to. Láti ìgbà náà lọ, Paste Special, Values ni kí ẹ máa lò nínú àtẹ náà.

A ní mákírò tó ń ka iye sẹ́ẹ̀lì pupa. Ṣé àmì yìí kò ní jẹ́ kó ṣì í kà?

Ó dá lórí ohun tí mákírò yẹn ń bi léèrè. Bí ó bá ń ka `Interior.Color`, àwọ̀ ìsàlẹ̀ ló ń rí, ìborùn kò sì dí i lójú: sẹ́ẹ̀lì pupa tí ẹ wà lórí rẹ̀ ṣì jẹ́ pupa fún un. Bí ó bá ń ka `DisplayFormat.Interior.Color`, tó wà láti Excel 2010, ohun tí ojú ń rí ló ń kà, yóò sì fi ẹyọ kan dín bí ẹ bá dúró lórí sẹ́ẹ̀lì pupa kan.

Ìṣòro wà fún ẹni tí pupa tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ti inú Conditional Formatting wá, nítorí pé Interior kò ní rí i rárá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní máa ka àwọ̀. Kí ó ka ohun tó sọ sẹ́ẹ̀lì di pupa: bí òfin rẹ̀ bá jẹ́ pé gbèsè tó ju 0 lọ ni pupa, COUNTIF lórí òpó gbèsè yóò fún un ní iye kan náà láìsí mákírò. DisplayFormat kì í tilẹ̀ dáhùn nínú fọ́múlà tí ènìyàn fi VBA kọ fún sẹ́ẹ̀lì, #VALUE! ni yóò gbé jáde.